Ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé lórí ọkọ̀: Ìjàpá tó jókòó fún ọdún 9

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 1977 ni bàbá mi ra Volkswagen ìjàpá kan, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Mayfair ló wà láti ìgbà tí ojú wọn ò ti ríran dáadáa mọ́. Ọdún 9 rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, ó ti ń rú èéfín, ó sì ń jẹ ọ́ìlì. Mẹkáníìkì kan ní òun á fi bátìrì tuntun sí i, òun á sì sítáàtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òmíràn ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Ọmọ olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ sítáàtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú kan ba ohun tí ọdún 9 kò bàjẹ́ jẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ ra tòkunbọ̀ fẹ́ kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ pààrọ̀ èyí tí ẹ ò mọ bí ẹni tó ni ín ṣe lò ó. Wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá dára ní ti èyí, torí ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣe é ni ẹ lè mọ̀ láì tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ó kéré tán fáàfù silíńdà kan á wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ òjò á gba inú sálẹ́ńsà wọ ibẹ̀, ara silíńdà tó jẹ́ irin á dógùn-ún, ríìngì písítìnnì á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì tó yẹ kó bo bíárìnnì á ti ṣàn sílẹ̀ tán. Tí sítátà bá wá fi agbára yí i lójijì, ríìngì tó lẹ̀ lè ṣẹ́, tàbí kí ó ha ara silíńdà bí ìgbà tí èèyàn fi ìṣó fa ilà sára páànù. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yóò ti máa mu ọ́ìlì, wọ́n á sì ní ogbó ló ń dà á láàmú.

Ẹ kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lára ẹ́ńjìnnì. Silíńdà 1 àti 2 ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀, 3 àti 4 lọ́wọ́ òsì. 1 àti 3 ló kọjú sí iwájú ọkọ̀. Plọ́ọ̀gì tó gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí awọ búrẹ́dì, kò ní ẹjọ́. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò, bẹntiróòlù tó pọ̀ jù ló fà á, kábúrẹ́tọ̀ ni kí ẹ bi. Èyí tó dúdú tó sì ń dán fún ọ́ìlì ló yẹ kí ẹ ṣọ́. Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló rí bẹ́ẹ̀, ó ti sọ silíńdà tó ń yọ yín lẹ́nu fún yín nìyẹn. Tí orí plọ́ọ̀gì bá funfun tó sì wú róró, ooru ti jẹ ẹ́.

Ẹ po díísù àti ọ́ìlì jíà ọlọ́wọ́-ara-ẹ̀ (ATF) pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fi síríǹjì fún un sínú ihò plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, bíi ṣíbí ìjẹun kan, ìyẹn mílílítà 15. Silíńdà ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, kò dúró bí ti ọkọ̀ yòókù, nítorí náà ohun tí ẹ bá kàn dà sí i á ṣàn lọ sísàlẹ̀, òkè á sì gbẹ. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu síríǹjì kí ẹ lè fín in sókè. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì púlì dáínámò bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ bẹ́líìtì kó má bàa yọ̀. Tí ó bá ń yọ̀ síbẹ̀, púlì kíráńkì nísàlẹ̀ gba sípánà 30. Tí ó bá kọ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún fín ọ́ìlì sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi páìpù gígùn sí ìdí sípánà láti fi mú un. Agbára tí ọwọ́ ní ti tó.

Tó bá ti ń yí, ìdánwò tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ló kàn, òun náà sì ni a kà sí jù. Ẹ yọ bẹ́líìtì. Ẹ di púlì kíráńkì mú ṣinṣin, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì rárá: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.07 sí 0.13, kò sì gbọdọ̀ ju 0.15 lọ. Tí ẹ bá ń gbọ́ “kọ́, kọ́” bí ẹ ṣe ń tì í tí ẹ ń fà á, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní géèjì aláago kó wọ̀n ọ́n dájú. Ṣíìmù (òrùka irin pẹlẹbẹ) mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fúláíwíìlì ló ń pinnu àlàfo yìí. Ṣíìmù nìkan lè tó láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n tí bíárìnnì àkọ́kọ́ bá ti ń lu irin tó gbé e dúró, a jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti gbó. Ó máa gba tọ́nà tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò bíárìnnì kí gbogbo wọn wà lórí ìlà kan. Ibẹ̀ ni owó ńlá wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ra písítìnnì tuntun kí ẹ tó mi púlì yìí.

Ẹ wá da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, páànù róbótó kan wà tí nọ́ọ̀tì kékeré 6 dè mọ́ ọn, sípánà 10 ló ń tú wọn. Asẹ́ ló wà nínú rẹ̀, torí ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì bí ti ọkọ̀ òde òní. Ẹ fọ asẹ́ náà sínú abọ́ funfun, kí ẹ wo ohun tó bá já bọ́. Ẹ̀rọ̀fọ̀ dúdú nìkan ń sọ pé wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Fífẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ń dán bí fàdákà, tí òòfà kò gbé, ara bíárìnnì tàbí ara písítìnnì ló ti wá. Èyí tó pọ́n bí bàbà ń sọ pé bíárìnnì ti jẹ tán débi ìpele abẹ́. Èyí tí òòfà bá gbé, irin ni, ẹ fura sí kámù àti tápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó ń ṣí fáàfù. Ìyẹ̀fun díẹ̀ lára òòfà kò burú fún ẹ́ńjìnnì tó dàgbà báyìí. Ègé tí ìka lè mú ló burú. Nígbà tí ẹ bá ń dá páànù padà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fún nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn pa: Newton-mítà 7 péré ni wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ ìjàpá tó ń jò ọ́ìlì ní ìdí, ọwọ́ líle ló tẹ páànù yẹn wọ́. Ọ́ìlì 20W-50 lítà 2 àti ààbọ̀ ni ẹ máa dà sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí páànù tó bo fáàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ wọn àlàfo fáàfù pẹ̀lú fílà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Mìlímítà 0.15 ni, ti èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé àti ti èyí tó ń lé èéfín jáde. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe, torí àkọsílẹ̀ yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Tí fáàfù bá la ju bó ṣe yẹ lọ, apá tó ń lù ú ló gbó, kò léwu púpọ̀. Èyí tó pa dé ni kí ẹ bẹ̀rù. Tí ẹ bá tún un ṣe sí 0.15, tí lẹ́yìn kìlómítà 1,000 ó tún ti pa dé sí 0.05, ọrùn fáàfù náà ń nà ni, tàbí kí ibùjókòó rẹ̀ máa rì. Orí rẹ̀ lè já sínú silíńdà lójú ọ̀nà, tó bá sì já, písítìnnì lọ, orí silíńdà lọ. Fáàfù tó ń lé èéfín jáde ní silíńdà 3 ló máa ń jìyà jù, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lójú dínà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lára nínú àwọn ìjàpá tó jáde ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà síta ní nǹkan bí ọdún 1971.

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ìjàpá lára, kò ní rádíétọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ páànù fáànù. Eku àti alángbá máa ń kọ́lé síbẹ̀, koríko rẹ̀ sì máa ń dí àárín àwọn ìlà ara silíńdà. Ẹ tún wò ó bóyá gbogbo páànù tó bo ẹ́ńjìnnì pé, àti rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti jù nù nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Tí páànù kan bá sọnù, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti kọjá lára silíńdà á padà sínú fáànù, ooru á sì pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lé.

Ẹ wá yí i pẹ̀lú sítátà, ṣùgbọ́n láì tíì dá plọ́ọ̀gì padà. Wáyà kọ́ìlì ni kí ẹ yọ. Ẹ yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i títí iná ọ́ìlì fi kú. Àkíyèsí kan rèé: iná náà gbọ́dọ̀ tàn tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ wáyà rẹ̀ kó má bàa rí ìkìlọ̀ mọ́. Ẹ tún un ṣe ṣáájú ohun gbogbo.

Ìwọ̀n kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú silíńdà, ló kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára irin tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ dáínámò. Ẹ kà á kí ẹ mọ̀ bóyá 1200, 1300, 1500 tàbí 1600 ni, nítorí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Fún 1600, nǹkan bíi psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń fi hàn) 110 sí 140 dára, tó bá wá sábẹ́ 85, ó ti gbó. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ tán nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, kí bátìrì sì kún. Tí silíńdà kan bá jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kódà bí iye rẹ̀ ò bá tíì burú.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń da ọ́ìlì díẹ̀ sínú silíńdà kí wọ́n tún un wọ̀n: tó bá lọ sókè, ríìngì ni, tí kò bá kúrò níbi tó wà, fáàfù ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún Peugeot. Fún ìjàpá, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí ọ́ìlì á ṣàn lọ sí apá ìsàlẹ̀ silíńdà, kò ní dí òkè. Fọkanáísà ni kí ẹ pè. Ẹ fọ́ amọ̀ funfun inú plọ́ọ̀gì àtijọ́ kan dànù, kí wẹ́dà jó ẹnu táyà tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹ gbé písítìnnì silíńdà náà dé òkè nígbà tí fáàfù méjèèjì pa dé, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà 4, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí ibi bẹ́líìtì. Ẹ fa afẹ́fẹ́ psi 60 sí i, kí ẹ tẹ́tí. Tí ó bá ń súfèé nínú sálẹ́ńsà, fáàfù èéfín ló ń jò. Tí ó bá jẹ́ ní kábúrẹ́tọ̀, fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ni. Tí ó bá ń tú jáde níbi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ríìngì ni. Díẹ̀ ní ibi ọ́ìlì kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá lè fẹ́ ìwé kúrò lọ́wọ́ yín, ó ti tó gẹ́ẹ́.

Tí gbogbo èyí bá dára, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ da bẹntiróòlù àtijọ́ nù, fọ táńkì àti kábúrẹ́tọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, oníhò mìlímítà 5. Ẹ má ṣe fi èyí tafàlà rárá. Rọ́bà tó ti sán lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló ń jó ìjàpá mọ́ ojú títì.

Nígbà tó bá ti jí, ẹ wo èéfín rẹ̀ ní ọ̀nà Iléṣà tó ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù nígbà tó ń gun òkè, ríìngì ni. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó wá tú búlúù nígbà tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọ̀pá fáàfù ń gbà ló fẹ̀. Tí ó bá jẹ́ èéfín díẹ̀ láàárọ̀ nìkan ni, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ so géèjì mọ́ ihò swíìṣì ọ́ìlì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ní ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, psi 42 ló yẹ kó fi hàn; tó bá wá sábẹ́ 28, bíárìnnì tàbí pọ́ǹpù ti gbó.

Tí púlì kò bá mì, tí ọ́ìlì dúró dáadáa, tó wá jẹ́ pé ríìngì nìkan ló gbó, ẹ ra silíńdà àti písítìnnì mẹ́rin tuntun. Wọ́n ń yọ jáde láì la ẹ́ńjìnnì sí méjì, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn ní ọdún 2003, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì ń jáde lónìí. Ọkọ̀ bàbá yín ṣeé gbà là ju bí wọ́n ṣe sọ fún yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Peugeot 504 wa tó ti pẹ́ ní Ìsọ̀kun, Iléṣà, ọ́ìlì rẹ̀ ti dà bíi tíì onímílíìkì, omi rádíétọ̀ sì ń dín kù. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà. Kí ló kù? (Ìyá oníṣòwò, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, Mà. Ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè rárá. Silíńdà 504 jẹ́ ìlíńdà (páìpù irin tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀) mẹ́rin tí wọ́n kàn ki bọ inú irin ẹ́ńjìnnì, tí omi ń yí wọn ká. Ìdí ìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní síìlì kan tó ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń da omi lásán sí fún ọdún púpọ̀ máa ń dógùn-ún níbẹ̀, omi á sì já sínú ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí mẹkáníìkì da ọ́ìlì nù, kó sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀, kó fi pọ́ǹpù ìdánwò ti omi inú rádíétọ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀, kó sì tẹ́ ìwé sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Ibi tí omi bá ti kán sílẹ̀ ló máa sọ ìdí ìlíńdà tó ń jò. Tó bá jẹ́ pé òkè ló ti wá, kó fi irin títọ́ àti fílà wọ̀n bóyá orí ẹ́ńjìnnì tẹ́; mìlímítà 0.05 ni kò gbọdọ̀ kọjá.

Àṣìṣe kan wà tó lè ti ṣẹlẹ̀ nígbà méjèèjì tó ṣí i. Tí wọ́n bá gbé orí 504 sókè tààrà, ó máa ń fa ìlíńdà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì yí kíráńkì nígbà tí orí ti kúrò, ìlíńdà á mì, síìlì ìdí rẹ̀ á sì já. Ṣe ni wọ́n ń mi orí náà sọ́tùn-ún sósì kí ó tó tú, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀tù àti wáṣà tẹ ìlíńdà mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìlíńdà bá ti gbó, odindi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú písítìnnì rẹ̀: mìlímítà 84 fún ẹ́ńjìnnì 1800, 88 fún 2000. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta ọ̀kan fún yín dípò èkejì. Ẹ má sì wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọ́ìlì yẹn mọ́, kódà dé ọjà, nítorí omi kò lè gbé bíárìnnì.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Modákẹ́kẹ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ ariwo tápẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ti kọ́nródì?

ÌDÁHÙN: Ariwo tápẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, ìdajì ìyípo ẹ́ńjìnnì ló ń bá rìn. Ti kọ́nródì, ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kíráńkì, jinlẹ̀, ó máa ń le sí i tí ẹ bá tẹ epo díẹ̀ tí ẹ sì jọ̀ọ́. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ó lè dá yín lójú pé kì í ṣe pọ́ǹpù omi tàbí dáínámò ló ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi páláyà onírọ́bà yọ wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ara irin, kí kọ́ìlì má bàa jó. Silíńdà tí ariwo bá dín kù nígbà tí ẹ yọ wáyà rẹ̀, kọ́nródì tàbí písítìnnì rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé tútù nìkan ló ń pariwo, tó ń dákẹ́ tó bá gbóná, písítìnnì ló ń lu ara silíńdà. Ariwo tápẹ́ẹ̀tì kì í yí padà tí ẹ bá yọ wáyà. Èéfín tó ń jò níbi mánífóòlù náà máa ń dún bíi tápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ sún mọ́ ibẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń fẹ́. Kọ́nródì tó bá ti ń kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ní kíá. Kíráńkì tó ṣì ṣeé lọ̀ lówùúrọ̀ lè má ṣeé lọ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọ́ìlì SAE 50 àti oògùn inú agolo lè wo ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì sàn? (Awakọ̀, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ó lè dín èéfín kù fún ìgbà díẹ̀, torí ọ́ìlì tó ki ń pẹ́ kó tó kọjá lára ríìngì, ṣùgbọ́n kò dá irin tó ti jẹ padà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀ ló máa ń pẹ́ kí ó tó dé ibi fáàfù, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń jẹ irin jù. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ ló sábà máa ń dà á sí i. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ́ìlì rẹ̀ ki bí oyin, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí 20W-50, kí ẹ wà á fún wákàtí kan, kí ẹ tó sọ iye tí ẹ máa san.